Gẹ̀gẹ̀ lẹ fẹ́ gé, kí ló wá kan iṣan ẹ̀jẹ̀?

"Gẹ̀gẹ̀ ni mo ní kí wọ́n bá mi gé o, kí ló wá kan iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n tún ń ní kí n lọ ṣe síkáànù ẹ̀ sí?" Ẹ jókòó síbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà ní ọsibítù èyíkéyìí, ì báà jẹ́ Ìdí-Àràbà, ì báà jẹ́ Ìkẹjà, ì báà jẹ́ lọ́hùn-ún ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ ọ. Ẹnìkan á ní owó ni wọ́n fẹ́ fi gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ẹlòmíì á ní dókítà yẹn ò mọṣẹ́ ni, tó bá mọṣẹ́ ṣé kò yẹ kó mọ ibi tí iṣan wà ni?

Nọ́ọ̀sì tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ni mí, mẹ́ńláǹdì níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò kì í ṣe dókítà, torí náà ohun tí dókítà yín bá bá yín sọ ló wà lókè tèmi. Mo mọ̀ pé owó ò sí nílùú, mo sì mọ̀ pé àyẹ̀wò tí ò pọn dandan wà, ẹni tó bá ní kò sí ń tàn yín ni. Àmọ́ ti iṣan ọrùn yìí yàtọ̀. Dókítà tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ abẹ ọrùn gan-an ló máa ń bẹ̀rù ẹ̀ jù, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ò tíì mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ ká mú un látọkàn. Iṣan ńlá kan ló jáde látinú ọkàn, òun ni ìyá gbogbo iṣan, aorta làwọn dókítà ń pè é, á gòkè díẹ̀ nínú àyà, á tẹ̀ sápá òsì, á wá gba ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ikùn. Níbi tó ti tẹ̀ yẹn ni ẹ̀ka mẹ́ta ti máa ń yọ. Ẹ̀ka àkọ́kọ́ á tún pín sí méjì, ọ̀kan á lọ sọ́wọ́ ọ̀tún, ìkejì á gòkè lọ sápá ọ̀tún ọrùn. Ẹ̀ka kejì á gòkè lọ sápá òsì ọrùn, ẹ̀kẹta á lọ sọ́wọ́ òsì. Àwọn méjì tó gòkè sọ́rùn yẹn ni wọ́n ń pè ní káròtídì, àwọn ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sójú àti sínú ọpọlọ, tẹ́ ẹ bá rọra fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ gògóńgò yín ẹ máa mọ̀ ọ́n tó ń lù (ẹ má tẹ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o, òòyì lè kọ́ yín). Méjì míì tún wà lẹ́yìn tí wọn ò tó ìyẹn, inú ihò ara egungun ọrùn ni wọ́n ń gbà gòkè lọ sẹ́yìn ọpọlọ. Mi ò tíì ka àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sọ́kàn, àwọn yẹn pọ̀ lọ bẹẹrẹ. Inú ọrùn kékeré yìí náà ni ọ̀nà èémí wà, àti ọ̀nà oúnjẹ, àti táírọ́ìdì tó jẹ́ pé òun ló ń di gẹ̀gẹ̀ tó bá wú, àti egungun, àti mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn, àti nẹ́ẹ̀fù tó ń gbé ohùn. Kò síbi tí abẹ fẹ́ gbà tí kò ní kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan tó lè pani tàbí tó lè sọni di odi.

Bí wọ́n ṣe yà á sínú ìwé nìyẹn, bó sì ṣe rí lára èèyàn tó pọ̀ jù nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa. Lára àwọn kan, ẹ̀ka àkọ́kọ́ àti ìkejì, ojúkan náà ni wọ́n ti yọ, ìyẹn sì wọ́pọ̀ débi pé dókítà míì ò kà á sí nǹkan kan. Lára bí èèyàn 5 nínú 100, iṣan ẹ̀yìn apá òsì yẹn ò dúró kó yọ lára iṣan ọwọ́, ara ìyá iṣan gangan ló ti yọ fúnra ẹ̀. Iṣan tó yẹ kó lọ tààrà á lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, èyí tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á wá sáàárín, òmíì tí kò sí lára aládùúgbò ẹ á wà lára tìẹ.

Inú ìyá ẹni ló ti ń ṣẹlẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹjọ tí oyún dé, nígbà tí ìyá míì ò tíì mọ̀ pé òun lóyún. Àwọn iṣan kéékèèké á kọ́kọ́ yọ ní méjìméjì, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, lẹ́yìn náà àwọn kan á rọ kúrò, àwọn kan á dúró di iṣan tá à ń lò títí a ó fi kú. Tí èyí tó yẹ kó rọ bá dúró, tàbí èyí tó yẹ kó dúró bá rọ, ẹ̀jẹ̀ á wá ọ̀nà míì gbà, kò kúkú ní jókòó. Ọmọ náà á dé láyọ̀, á jẹun, á lọ ilé ìwé, á ṣègbéyàwó, á bímọ, á darúgbó, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Kì í ṣe àìsàn. Kì í ṣe pé ìyá ẹ̀ rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tó lóyún ẹ̀, kì í ṣe afẹ́fẹ́ ayé, mo ní kí n tètè sọ ìyẹn torí mo mọ̀ yín.

Wàhálà ẹ̀ ò bẹ̀rẹ̀ àfìgbà tí abẹ bá dé. Ẹ̀yin ará Súrùlérè ẹ mọ àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ri wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń bẹ́ páìpù omi tí gbogbo àdúgbò á wá máa gbé kẹ́ẹ̀gì kiri, wọ́n á ní níbi tí pépà gbé páìpù sí kọ́ nìyí. Páìpù náà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀, omi ń kọjá nínú ẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ ló rò pé òun mọ ibi tó wà.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ni ti nẹ́ẹ̀fù ohùn, torí ó kan gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gé gẹ̀gẹ̀, ó sì máa ń ya àwa tá a wà ní tíátà gan-an lẹ́nu. Nẹ́ẹ̀fù ni okùn tín-ín-rín tó ń gbé iṣẹ́ látọ̀dọ̀ ọpọlọ lọ fún ẹ̀yà ara. Èyí tó ń gbé iṣẹ́ lọ fún gògóńgò, tá a fi ń sọ̀rọ̀, kì í lọ síbẹ̀ tààrà. Orí ló ti wá, ó gba ẹ̀gbẹ́ gògóńgò kọjá, kò yà, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi àyà, ó wá yí po abẹ́ iṣan kan, ó tún padà gòkè wá sọ́rùn. Lápá òsì, abẹ́ ìyá iṣan ló ti ń yí nínú àyà níbẹ̀. Lápá ọ̀tún, abẹ́ iṣan tó ń lọ sọ́wọ́ ọ̀tún ló ti ń yí. Lẹ́yìn náà á rìn gòkè láàárín ọ̀nà èémí àti ọ̀nà oúnjẹ, lẹ́yìn táírọ́ìdì gẹ́lẹ́, á wọ gògóńgò látìsàlẹ̀. Kí ló ń wá lọ sísàlẹ̀ ná? Ọ̀rọ̀ inú oyún yẹn náà ni. Nígbà tí ọmọ ṣì kéré nínú, ọrùn ẹ̀ ò tíì gùn, ọkàn ẹ̀ wà lókè níbi ọ̀fun, nígbà tí ọkàn wá ń sọ̀ kalẹ̀ sínú àyà ló fi iṣan wọ́ nẹ́ẹ̀fù yẹn dání lọ.

Gbogbo dókítà tó ń gé gẹ̀gẹ̀ ló mọ ọ̀nà yẹn. Kí wọ́n tó gé ohunkóhun wọ́n á wá nẹ́ẹ̀fù yìí jáde, wọ́n á fojú rí i, wọ́n á dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n lára bí ẹnìkan nínú 100, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, iṣan ọwọ́ ọ̀tún ò yọ níbi tó yẹ kó ti yọ. Dípò kó jẹ́ òun ló kọ́kọ́ yọ, òun ló yọ kẹ́yìn pátápátá, lẹ́yìn ti ọwọ́ òsì, apá òsì ló wá wà, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọ̀tún, ó wá sọdá, ẹ̀yìn ọ̀nà oúnjẹ ló sì máa ń gbà jù. Nẹ́ẹ̀fù apá ọ̀tún wá dé, kò rí ohun tó máa yí po. Kò sídìí tó fi máa lọ sísàlẹ̀ mọ́. Ó yà lókè níbẹ̀, ó dábùú, ó wọ gògóńgò lọ tààrà.

Ẹ wá wò ó. Dókítà ń wá nẹ́ẹ̀fù tó ń ti ìsàlẹ̀ gòkè bọ̀, kò rí i. Ó rí okùn funfun tín-ín-rín kan tó dábùú láti ẹ̀gbẹ́ wá sínú, bí iṣan kékeré tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú táírọ́ìdì ṣe máa ń rí gẹ́lẹ́. Ẹni tí kò bá rántí pé irú èyí wà, ó lè so ó, kó sì gé e. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò ní dà, ohun gbogbo á rí bí ẹni pé ó lọ dáadáa, tí aláìsàn bá jí ni ohùn ò ní jáde, ohùn á há, omi tó bá mu á máa pa á lórí. Tó bá jẹ́ alfa, pásítọ̀, tíṣà, Ìyá tó ń pe oníbàárà ní Balógun látàárọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni yẹn ni wọ́n gé o. Tí apá kejì bá tún wá ní ìṣòro, ọ̀nà èémí lè dí, ó lè di pé kí wọ́n dá ihò sí ọ̀fun kéèyàn tó lè mí.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Dókítà kan tó ń jẹ́ Stedman ló kọ́kọ́ kọ nípa nẹ́ẹ̀fù tí ò yí padà yìí ní 1823. Kó tó dìgbà yẹn, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, dókítà Òyìnbó míì, David Bayford, ti yẹ òkú obìnrin kan tó jẹ́ pé oúnjẹ ò kí ń lọ dáadáa lọ́fun ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún wò, iṣan ọwọ́ ọ̀tún tó gba ibi tí kò yẹ yìí ló bá nídìí ẹ̀, ó ń fún ọ̀nà oúnjẹ mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in kò mọ nǹkan kan lára o. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí ẹran tàbí ẹ̀bà líle ti máa ń há yín lọ́fun, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kó tó gé gẹ̀gẹ̀, ẹ má rò pé gẹ̀gẹ̀ náà ló fà á tán.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kì í ṣe síkáànù olówó ńlá nìkan ló lè fura sí i. Ọ̀tọráńsáǹdì lásán, irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún aláboyún, tí ẹni tó ń ṣe é bá mọ ohun tó ń wá, ó lè gbé e sí ìsàlẹ̀ ọrùn lápá ọ̀tún kó wò ó bóyá ẹ̀ka àkọ́kọ́ yẹn pín sí méjì bó ṣe yẹ. Tó bá ti pín, nẹ́ẹ̀fù ibẹ̀ sábà máa ń rí bó ṣe wà nínú ìwé. Tí kò bá pín, dókítà ti mọ̀ kó tó wọ tíátà pé ọ̀nà míì lòun máa gbà wá nẹ́ẹ̀fù. Àwọn tíátà kan náà ti ní ẹ̀rọ tó ń dún tí irin bá kan nẹ́ẹ̀fù, kì í ṣe gbogbo ibi ló wà, ẹ lè béèrè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jókòó síta nígbà tí wọ́n bá gbé èèyàn yín wọ tíátà, mo mọ bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní wákàtí méjì, ó ti di mẹ́ta ààbọ̀, ẹ ti ń pe ìyá yín sórí fóònù, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ pàjáwìrì. Nínú iṣẹ́ ọrùn, pípẹ́ ò burú bẹ́ẹ̀. Nígbà kan, ìgboyà ni kéèyàn gé gẹ̀gẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Theodor Kocher, dókítà ará Switzerland, ló yí i padà ní ìlú Bern, ó ṣe ju 5,000 lọ kó tó kú, ó sì mú un dé ibi tí ẹni tó ń kú nínú 100 kò tó ẹyọ kan, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1909 lórí táírọ́ìdì yìí. Kò ní idán kankan. Ó ń rọra ṣe é ni, iṣan kọ̀ọ̀kan ló ń wá jáde tó ń so kó tó gé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí tiyín náà pẹ́.

Ó kan ìṣòro tiwájú ọrùn. Iṣan kékeré kan wà tó jẹ́ pé lára ọ̀pọ̀ èèyàn kò sí rárá, àmọ́ lára bí 3 sí 10 nínú 100 ó wà, ó máa ń gòkè látinú àyà, á gba àárín iwájú ọ̀nà èémí gangan, á lọ wọ táírọ́ìdì látìsàlẹ̀. Kékeré ni, tí wọ́n bá gé e láìmọ̀, ojú ẹ̀ á fà padà sínú àyà, á máa sẹ̀jẹ̀ níbi tọ́wọ́ ò dé. Ẹ̀ka àkọ́kọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó nípọn dáadáa, náà máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ lára ẹlòmíì, pàápàá ọmọdé, dípò kó fara pamọ́ sẹ́yìn egungun àyà á yọjú síbi kòtò ìsàlẹ̀ ọrùn. Ibi tí wọ́n ti ń dá ihò sí fún ẹni tí kò lè mí kò jìnnà síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí dókítà tó kọ́kọ́ ki ìka sínú kòtò yẹn kó tó mú abẹ, ó ń wò ó bóyá nǹkan ń lù níbẹ̀ ni.

Èyí wá kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́jú ẹni tó ní ọ̀pá lọ́fun nílé, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n ki sínú ihò ọ̀fun yẹn kó lè máa mí. Ọ̀pá yẹn lè máa ha iṣan ńlá yẹn díẹ̀díẹ̀ látinú. Kò wọ́pọ̀, kò tó ẹyọ kan nínú 100, ṣùgbọ́n tó bá bẹ́, kì í sábà fún èèyàn láyè, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́ ló sì máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Ohun tó ń gba àwọn kan là ni pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè kọ́kọ́ yọ, á tún dá. Tí ẹ̀jẹ̀ pupa bá yọ nínú ọ̀pá yẹn lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti ṣe é, kó dẹ̀ kéré bó ṣe wù kó kéré, ẹ má nù ún kúrò kẹ́ ẹ sùn, òru ni o, ọ̀gànjọ́ ni o, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ikọ́ ló ha á.

Ti ọ̀fun inú náà wà. Káròtídì tó lọ sínú ọpọlọ, ó máa ń jìn sí ibi tí wọ́n ti ń yọ tọ́ńsù tó bíi sẹ̀ntímítà méjì ààbọ̀ lára àgbàlagbà. Lára àwọn kan ó máa ń lọ́, á ká, á wá sá wọ àárín, á fẹ̀yìn ti ògiri ọ̀fun gangan, tí wọ́n bá ní kẹ́ni náà la ẹnu, ẹni tó fara balẹ̀ á rí ibi tó ń fò fìrìfìrì lẹ́yìn ọ̀fun. Dókítà tó rí i kò ní fi abẹ kan ibẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ẹ́ wá bi mí pé àwọn tó ń gé bélúbélú fún ọmọ ládùúgbò ńkọ́? Èmi ò gbà á rárá, ká tiẹ̀ gbé ti iṣan jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀jẹ̀ ń pa ọmọ níbẹ̀, àrùn ipá (tẹ́tánọ́ọ̀sì) ń pa ọmọ níbẹ̀, kò sì sí àìsàn kan tí gígé ẹ̀ ń wò.

Àwọn màmá wa tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ gbọ́ èyí. Bí àgbà bá dé, tí ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti ń tì í láti ọdún pípẹ́, káròtídì lè gùn sí i kó sì ṣẹ́po, á wá yọ sókè ní ìsàlẹ̀ ọrùn, apá ọ̀tún ló máa ń jẹ́ jù, obìnrin ló sì ń ṣe jù. Á wú díẹ̀, á máa fò. Màmá kan ládùúgbò wa ní Ṣómólú fi tirẹ̀ hàn mí, "Nọ́ọ̀sì ọmọ mi, wá wo kókó tó ń mí lọ́rùn mi yìí, ìyàwó bọ̀dá rẹ ní kí n lọ síngbẹ́rẹ́ sí i." Mo ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fabẹ kàn án, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ẹ má fọwọ́ pa á, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ọ̀tọráńsáǹdì sí i ná." Kókó tó bá ń lù lọ́rùn, iṣan ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ rò. Ọ̀pọ̀ ìgbà, tó bá jẹ́ pé ó kàn ṣẹ́po ni, wọn ò ní ṣe nǹkan kan sí i ju kí wọ́n tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru lọ. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ògiri iṣan ló fẹ̀, ìyẹn ò ṣeé fi falẹ̀, àwòrán nìkan ló sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ti egungun ọrùn ò ní pẹ́. Àwọn tí ọ̀kadà tàbí danfó ti ṣe léṣe, tàbí tí egungun ọrùn ń tẹ mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn wọn, nígbà míì iwájú ọrùn ni wọ́n ń gbà ṣe é. Iṣan ẹ̀yìn méjì tí mo sọ, nínú èèyàn tó lé ní 90 nínú 100, egungun kẹfà ni wọ́n ti ń wọ inú ihò wọn. Àwọn yòókù, ó lè jẹ́ ìkarùn-ún, ìkẹrin, tàbí ìkeje, àwọn míì sì wà tí iṣan náà jẹ wọ inú egungun sápá àárín. Tí abẹ bá kàn án, rọpárọsẹ̀ lè dé. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an, àwòrán MRI tàbí CT (àwọn síkáànù ńlá tó ń ya àwòrán inú ara) tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ ṣe nítorí egungun ti máa ń gbé iṣan yẹn dání, ẹni tó ń ka àwòrán kàn ní láti wò ó ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sọ́rùn fún ẹni tára ẹ̀ ò yá rárá, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà lè gun orí káròtídì lára ẹlòmíì, ìdí tí wọ́n fi ń fi ọ̀tọráńsáǹdì wo ojú ọ̀nà kí wọ́n tó gún un nìyẹn.

Ṣé gbogbo ẹni tó fẹ́ gé gẹ̀gẹ̀ ló máa ṣe CT? Rárá o. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ọ̀tọráńsáǹdì ti tó wọn. CT máa ń wọ̀ ọ́ tí gẹ̀gẹ̀ bá ti ki ẹsẹ̀ bọ inú àyà, tí wọ́n bá ń fura sí jẹjẹrẹ tó ti tàn, tó bá jẹ́ pé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ síbẹ̀ rí, tàbí tí oúnjẹ àti èémí ò bá lọ geere. Gẹ̀gẹ̀ ńlá fúnra ẹ̀ máa ń ti iṣan kúrò ní àyè wọn, kódà lára ẹni tí tiẹ̀ wà bó ṣe wà nínú ìwé látọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Torí náà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣe CT, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bi dókítà, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ̀ ń wá gan-an tí ọ̀tọráńsáǹdì ò lè fi hàn yín?" Kì í ṣe àfojúdi. Dókítà tó bá nídìí á sọ fún yín ní gbólóhùn kan tàbí méjì, èyí tó bá ń bínú, ẹ lè gba ibòmíì lọ béèrè.

Oògùn kan wà tí wọ́n máa ń fún èèyàn lábẹ́rẹ́ kí iṣan lè hàn nínú CT, ara á móoru fún ìgbà díẹ̀, àwọn kan á rò pé àwọn ti tọ̀ sára, ẹ má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó gún un tẹ́ ẹ bá ní àìsàn kíndìnrín, tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, tẹ́ ẹ bá ní asima, tí oògùn kan bá ti bá ara yín jà rí, tàbí tó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ní oyún. Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé áyódínì wà nínú oògùn yẹn, táírọ́ìdì sì fẹ́ràn áyódínì, torí náà ẹni tí táírọ́ìdì ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, tí àyà ẹ̀ ń já, tó ń rù, tọ́wọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹni tí wọ́n sì ti sọ fún pé ó máa gba ìtọ́jú áyódínì onírédíéṣọ̀n fún jẹjẹrẹ táírọ́ìdì náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí oògùn síkáànù lè mú kí wọ́n sún ìtọ́jú yẹn síwájú.

Mi ò sọ pé síkáànù ń rí gbogbo nǹkan. Nẹ́ẹ̀fù tín-ín-rín yẹn, CT ò lè fi hàn yín, iṣan tó yí ọ̀nà ẹ̀ padà ló ń rí, ọwọ́ àti ojú dókítà ló ku. Àwòrán tí kò sì sẹ́ni tó kà á dáadáa, owó ló fi ṣòfò.

Tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán, wákàtí 24 àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ fi ojú sí ọrùn. Tí ọrùn bá ń wú, tí báńdéèjì ń fún, tí ohùn ń yí padà, tí aláìsàn ò fẹ́ dùbúlẹ̀ mọ́ torí kò rí èémí mí, ẹ má dúró de ìgbà tí dókítà máa yípo, ẹ pariwo pe nọ́ọ̀sì. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kó jọ sínú ọrùn kò nílò kó pọ̀ kó tó dí ọ̀nà èémí. A ò ní bínú sí yín, ká tiẹ̀ bínú, ẹ pè wá náà.

Ìwé èsì síkáànù yín, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sínú fóònù, CD ẹ̀ ẹ má fún ọmọ fi ṣeré. Tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣan yín kan gba ibi tí kò yẹ, ẹ fi han dókítà tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ fi han èyí tí yóò fún yín loògùn orun, tó bá sì jẹ́ ọdún mẹ́wàá sí i ni wọ́n tún fẹ́ fi nǹkan kan ọrùn yín, ní Èkó tàbí lẹ́yìn odi, ẹ tún gbé e jáde.